Ìlà 97, oníbàárà kan ṣoṣo: bí mo ṣe tún ìwé ọjà Àǹtí mi ṣe

Àǹtí mi ń ta léèsì, àǹkárá àti gèlè ní Gbági Tuntun, lójú ọ̀nà Ifẹ̀ ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kan ó bi mí léèrè ohun tí mo rò pé kò le rárá: "Èló gan-an ni àwọn èèyàn jẹ mí?" Mo ṣí fáìlì tó wà lórí laptop ṣọ́ọ̀bù, mo kọ SUM, àṣẹ tó ń ro iye pọ̀, sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo ní ₦1,386,000 ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Àlàájà kan ṣoṣo tó kó aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tó ìdajì ìyẹn.

Mo ní kó fún mi ní ìrọ̀lẹ́ kan kí n tún un wò. Òpin ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gbà. Mo kọ èyí sílẹ̀ torí ẹni tó bá tún fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó lè mọ ibi tí mo ti ṣubú. Mo ti yí orúkọ àwọn oníbàárà padà, n kò sì ní kọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni síbí.

Ohun tí mo bá nílẹ̀

Orísun mẹ́ta ni. Èkíní ni fáìlì laptop yẹn, ìlà 1,960, tí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti tẹ nǹkan sí láti ọdún 2021, oníkálukú pẹ̀lú àṣà tirẹ̀. Èkejì ni ìwé àwìn, ìwé ńlá tí Àǹtí fúnra rẹ̀ ń kọ, tó ń fi ọ̀pá ìdíwọ̀n tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà ṣí i. Mo jókòó tẹ ìyẹn fúnra mi: ìlà 1,104. Ẹ̀kẹta ni àwọn orúkọ aṣọ ẹbí tí àwọn oníbàárà ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìlà 348. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,412.

Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú Google Sheets. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo ṣe nǹkan méjì. Mo da ṣíìtì náà kọ, mo sọ àkọ́kọ́ ní MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN, mo sì tì í pa kí ẹlòmíì má lè yí i padà. Lẹ́yìn náà mo fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, láti 1 dé 3,412, ní òpó àkọ́kọ́, kí n lè dá wọn padà sí bí wọ́n ṣe tò nígbàkigbà. Òpó yẹn, tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe, ló gbà mí nígbà tó yá.

Òfin mi nìyí: òpó tuntun ni àtúnṣe ń lọ, ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́. N kì í pa ti àtijọ́ rẹ́. Ní ìparí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo máa ka ìlà, mo máa kọ iye rẹ̀ sórí bébà. Ẹni tó bá rò pé àṣejù ni, kó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní England lọ́dún 2020. Àwọn onímọ̀ ìlera ibẹ̀ ń kó àbájáde àyẹ̀wò kòrónà sínú fáìlì Excel ti àtijọ́, èyí tí kò lè gba ju ìlà 65,536 lọ. Nígbà tó kún, ìyókù kàn dànù láìsí ariwo, àwọn 15,841 tó ní àrùn náà kò sì wọ inú iye tí wọ́n ń kéde lójoojúmọ́ lásìkò tó yẹ. Kò sẹ́ni tó ka iye tó wọlé mọ́ iye tó jáde. Tiwa kò tó ìlà 4,000, àmọ́ ìlà kan tó sọnù nínú ìwé àwìn, owó ẹlòmíì ni.

Nọ́ńbà fóònù, níbi tí ìtìjú mi wà

Èrò mi ni pé orúkọ máa ń yí, nọ́ńbà fóònù kì í sábà yí. Nítorí náà, nọ́ńbà ni màá fi dá èèyàn mọ̀. Nọ́ńbà alágbèéká wa ní Nàìjíríà jẹ́ dígíìtì 11, òdo ló sì ń ṣíwájú. Bí a bá fi 234 rọ́pò òdo yẹn, á di 13. Nínú fáìlì wa, wọ́n kọ ọ́ ní gbogbo ọ̀nà tó wà lábẹ́ ọ̀run: pẹ̀lú àlàfo, pẹ̀lú dáàṣì, pẹ̀lú +234, pẹ̀lú +234 (0), àti láìsí òdo rárá, torí pé Excel rí i bíi iye owó, ó sì gé òdo iwájú rẹ̀ dànù bí ẹni gé ìrù ẹja.

Àmọ́ gbogbo wọn ló parí sí dígíìtì mẹ́wàá kan náà. Èyí wù mí púpọ̀. Mo yí òpó náà sí nọ́ńbà gbọọrọ láìsí kọ́mà, mo wá kọ:

="0"&RIGHT(REGEXREPLACE(TO_TEXT(C2),"[^0-9]",""),10)

Ó yọ gbogbo ohun tí kì í ṣe dígíìtì, ó mú mẹ́wàá ìkẹyìn, ó fi òdo síwájú. Bí nọ́ńbà méjì bá wà nínú àpótí kan, tí wọ́n fi "/" pín wọn, mo kọ́kọ́ fi SPLIT yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo tẹ Remove duplicates, tó ń yọ èyí tó bá jọ ara wọn kúrò, lórí ẹ̀dà kan, mo rí i bí iye oníbàárà ṣe wálẹ̀, mo yangàn díẹ̀, mo lọ sùn.

Lọ́jọ́ kejì ni mo tó ronú pé kí COUNTIF bá mi ka iye ìgbà tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan fara hàn nínú ojúlówó. Ẹni tó wà lókè téńté: 08030000000, ìgbà 97. Mo pe Àǹtí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ta ni oníbàárà yín tó ti ra ọjà nígbà 97?"

"Kò séyìí. Àfi tó bá jẹ́ èmi."

Ẹni tó tẹ̀lé e ni 08060000000, ìgbà 51. Lẹ́yìn rẹ̀, 07050000000. Àyà mi já. Gbogbo wọn ló ní òdo méje lẹ́yìn, ìlà 212 lápapọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà 13 oní-234 sínú Excel láìsọ fún un pé ọ̀rọ̀ ni, tí àyè kò sì gba gbogbo rẹ̀, á kọ ọ́ ní ìkékúrú: 2.34803E+12. Nínú ikùn rẹ̀, gbogbo dígíìtì ṣì pé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi fáìlì yẹn pamọ́ ní CSV, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà pín, ohun tó hàn lójú ló ń kọ síbẹ̀, kì í ṣe ohun tó wà nínú ikùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ti fi í pamọ́ ní CSV nígbà kan láti fi SMS ọdún ránṣẹ́, CSV yẹn ni wọ́n sì ń lò lọ látìgbà náà. 2.34803E+12 ni 2348030000000. Gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0803 nínú àwọn ìlà yẹn ti di èèyàn kan ṣoṣo. Fọ́múlà mi tó dára yẹn kò ṣàṣìṣe o. Ó kàn tún ọ̀rọ̀ tó ti bàjẹ́ ṣe kó lè dà bí ojúlówó. Remove duplicates tí mo tẹ̀ sì ti sọ ìlà 97 di ẹyọ kan ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, èmi sì ń yangàn.

Mo da ẹ̀dà yẹn nù. Mo padà sí MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

Dígíìtì tó ti dànù kò ní fọ́múlà tó lè jí i. Ìwé àwìn la fi wá wọn, àti fóònù Àǹtí, níbi tó ti kọ orúkọ wọn pamọ́ bíi "Léèsì Apata" àti "Onígèlè Ring Road", àti àwọn ìfiránṣẹ́ WhatsApp àtijọ́. Ìlà 212 yẹn já sí èèyàn 118. A rí nọ́ńbà àwọn 112. Mẹ́fà ṣẹ́kù.

Mo tún gbìyànjú láti fi 0803, 0805 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ṣe òpó kan tó máa sọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí oníbàárà ń lò, torí Àǹtí fẹ́ràn láti pe àwọn tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀. Mo pa á tì. Láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni wọ́n ti gbà wá láyè láti gbé nọ́ńbà wa lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì, nítorí náà iwájú nọ́ńbà kò sọ nǹkan kan fúnni mọ́.

Orúkọ

Àwọn ìdọ̀tí kéékèèké kọ́kọ́ lọ: àlàfo méjì láàárín orúkọ, lẹ́tà ńlá níbi tí kò yẹ. Àlàfo kan wà tó ń yọ́ wọlé bí ẹ bá da ọ̀rọ̀ kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó jọ àlàfo lójú, àmọ́ TRIM ti Excel, tó ń gé àlàfo tó pọ̀ jù kúrò, kì í fọwọ́ kàn án. SUBSTITUTE(B2,CHAR(160)," ") ló ń mú un.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àmì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù fẹ́ràn láti kọ Yorùbá bó ṣe yẹ, ó ń kọ "Ṣadé" pẹ̀lú àmì rẹ̀. Àwọn tó kù ń kọ "Sade" tàbí "Shade". Èyí yé mi. Èyí tí kò kọ́kọ́ yé mi ni "Ṣadé" méjì tó rí bákan náà lójú, tí LEN, tó ń ka iye lẹ́tà, ka ọ̀kan sí 4, tó ka èkejì sí 6. Nínú ti àkọ́kọ́, Ṣ àti é jẹ́ lẹ́tà odindi kọ̀ọ̀kan. Nínú èkejì, S ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, tí wọ́n fi àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún é náà. Bọ́tìnnì fóònù kan yàtọ̀ sí ti èkejì ni. Àwa tó ń kọ Yorùbá la máa ń kan èyí jù, a kì í sì í rí i.

Mo fi SUBSTITUTE tó gùn bí ọjọ́ ṣe òpó kan tó bọ́ gbogbo àmì kúrò, lẹ́tà kékeré pátá, fún ẹ̀rọ nìkan láti máa fi wé ara wọn. Òpó orúkọ gidi ṣì ní àmì rẹ̀ lórí, torí òun ló ń lọ sórí rìsíìtì. Mi ò fara mọ́ àwọn tó ń bọ́ àmì lára orúkọ èèyàn kí ìṣirò tiwọn lè rọrùn.

Síbẹ̀ náà, kò sí fọ́múlà tó lè ṣe èyí tó kù. Nínú ìwé Àǹtí, èèyàn kì í jẹ́ orúkọ, ọmọ ni wọ́n ń fi pè é. Nítorí náà lálẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan, mo to àwọn ìlà tó fara jọ ara wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n sókè fún un bó ṣe ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́.

"Ìyá Kẹ́hìndé Apata àti Màmá Ìbejì, ṣé ẹnìkan náà ni wọ́n?"

"Ṣé o ò mọ̀ ni? Ẹnìkan náà ni. Òun náà ni Mrs Ọláòtún tó o kà lẹ́ẹ̀kan."

"Ìyá Kúdí ńkọ́?"

"Ìyá Kúdí ti lọ sí Mẹ́kà. Àlàájà ni kó o kọ. Yọ Ìyá Kúdí yẹn kúrò kó má lọ rí i."

"Ìyá Bọ̀sẹ̀ fara hàn nígbà 14."

"Méjì ni wọ́n. Ìyá Bọ̀sẹ̀ pupa àti Ìyá Bọ̀sẹ̀ dúdú."

Mo sọ fún un pé n kò lè tẹ ìyẹn sórí rìsíìtì. A jọ gbà pé ká máa fi àdúgbò yà wọ́n sọ́tọ̀, Mókólá àti Mọ́níyà. Wákàtí méjì ààbọ̀ la fi ṣe é, ẹ̀fọ́ jinná, a jẹ ẹ́ tán, a ṣì ń kà. Alẹ́ yẹn wúlò ju gbogbo fọ́múlà mi lọ, ká sọ tòótọ́.

Ibẹ̀ náà ni mo ti gbà pé nọ́ńbà fóònù kò lè jẹ́ ìdánimọ̀. Ìyá àti ọmọ ń lo fóònù kan. Ìyàwó ń fún wa ní nọ́ńbà ọkọ. Nítorí náà mo pín iṣẹ́ náà sí ṣíìtì mẹ́ta: Oníbàárà, ìlà kan fún ẹnì kan, pẹ̀lú kóòdù bíi G0412 àti òpó "orúkọ míì" tó gba Màmá Ìbejì àti ìyókù rẹ̀, Ọjà, ìlà kan fún ohun tí wọ́n rà, Owó, ìlà kan fún ohun tí wọ́n san. Kóòdù nìkan ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Oníbàárà jẹ́ 871.

Ọjọ́

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù lo laptop tí wọ́n ṣètò ọjọ́ rẹ̀ bíi ti Amẹ́ríkà, oṣù ṣáájú ọjọ́. Bó bá tẹ 25/03/2023, kò yé ẹ̀rọ, á fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀. Ìyẹn dára, torí ó fara hàn. Bó bá tẹ 03/05/2023, á gbà á tayọ̀tayọ̀, á sọ ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún di ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta. Ìyẹn ni kì í fara hàn.

Mo ronú lé e pé Àǹtí kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ìsinmi láéláé. Mo kọ WEEKDAY sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, mo sì wá àwọn tó jẹ́ 1, ìyẹn Ìsinmi. Ọjà 38 la tà lọ́jọ́ Ìsinmi! Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta ọdún 2023 jẹ́ Ìsinmi. Ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún, Ọjọ́rú ni. Ọwọ́ tẹ olè. Ṣùgbọ́n Ìsinmi jẹ́ ọ̀kan nínú méje, nítorí náà bí 38 bá bọ́ síbẹ̀, àwọn tó yí tí wọn kò bọ́ síbẹ̀ á pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbí ni nọ́ńbà ìlà ti gbà mí: mo to wọn padà bí wọ́n ṣe tẹ̀ wọ́n, mo wo ibi tí ọjọ́ kan ti fò sẹ́yìn oṣù méjì láàárín àwọn aládùúgbò rẹ̀. Àwọn yẹn ni mo lo =DATE(YEAR(D2),DAY(D2),MONTH(D2)) fún. Mo yí locale ṣíìtì náà, ìyẹn orílẹ̀-èdè tó ń tẹ̀ lé, sí United Kingdom fún ọjọ́ iwájú; èyí kò tún àwọn tó ti bàjẹ́ ṣe o, ẹ má tan ara yín jẹ.

Owó

Ìdí tí SUM mi fi kéré nìyí. Wọ́n ti kọ "45k", "45,000 náírà", "#45,000". Ọ̀rọ̀ ni gbogbo ìyẹn lójú ẹ̀rọ, SUM á sì fò wọ́n láìwí nǹkan kan. Ọ̀nà kíákíá láti mọ̀ wọ́n: nọ́ńbà á fara ti apá ọ̀tún àpótí, ọ̀rọ̀ á fara ti òsì. Mo sọ k di ẹgbẹ̀rún, mo bọ́ ìyókù kúrò. Gbèsè gòkè láti ₦1,386,000 sí ₦2,041,500.

Ó tún wálẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó tí náírà sì wọ́n lọ́wọ́ àwọn èèyàn, gbogbo ọjà ló bọ́ sórí tírànsífà lọ́sẹ̀ kan náà. Owó wọlé pẹ̀lú orúkọ tó wà ní báǹkì, lẹ́tà ńlá, orúkọ ìdílé ṣáájú. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù á fi orúkọ yẹn ṣe oníbàárà tuntun tó ti sanwó tí kò ra nǹkan, Màmá Ìbejì sì wà níbòmíràn tó ra nǹkan tí kò sanwó. Nígbà tí a so wọ́n pọ̀, gbèsè bọ́ sí ₦1,718,000. Àwọn kan wà tí Àǹtí ti ń bínú sí láti ọdún yẹn, tí wọ́n ti san tán. Ó pe ẹni méjì nínú wọn lórí fóònù, ó sì bẹ̀ wọ́n.

Ìjábọ̀

Fọ́múlà gbèsè ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ohun tó rà, kí a yọ ohun tó san kúrò, kò ju èyí lọ:

=SUMIFS(Oja!F:F,Oja!A:A,A2)-SUMIFS(Owo!D:D,Owo!A:A,A2)

Mo ṣe pivot table aláràbarà, ìyẹn tábìlì tó ń ṣàkópọ̀ iye, mo pín gbèsè sí oṣù kan, méjì, mẹ́ta. Àǹtí wò ó, ó ní kò wúlò fún òun. Aṣọ ẹbí ni ó ń bá mi jà lé lórí: ẹni tó kó àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà-mẹ́fà fún ogójì èèyàn kì í san títí òde á fi kọjá, kò sì jẹ gbèsè tó pẹ́ lójú òun, ẹni tó gbé gèlè kan tó ní "màá padà wá lọ́la" ló jẹ gbèsè. Òótọ́ ni. Mo fi òpó "ọjọ́ àdéhùn" kún un, ìjábọ̀ wá ń ka ọjọ́ láti ibẹ̀, kì í ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n rà á. Àwọn 348 inú aṣọ ẹbí, mo kọ wọ́n sábẹ́ kóòdù ẹni tó kó ọjà, torí òun ló máa dáhùn fún owó náà.

Ohun tó ń lò báyìí jẹ́ bébà kan ṣoṣo, tí mo ń tẹ̀ fún un ní gbogbo Mọ́ńdè: orúkọ, iye, ọjọ́ àdéhùn. Ó ṣì ń kọ ìwé àwìn rẹ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló ń gbé e sínú ṣíìtì ní ìrọ̀lẹ́, òpó fóònù ti di ọ̀rọ̀ lásán, àwọn oníbàárà sì ń jáde láti inú àkójọ kí ẹnikẹ́ni má tún tẹ orúkọ tuntun fún Màmá Ìbejì. Mo tún ti pa líǹkì tí ẹnikẹ́ni lè fi wo ṣíìtì náà. Ó ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀ ní gbogbo àkókò tí mo fi ń ṣiṣẹ́, mi ò sì mọ̀. Láti ọdún 2023 ni a ti ní òfin tó dáàbò bo dátà àwọn èèyàn ní Nàìjíríà, ó sì kan ṣọ́ọ̀bù léèsì náà.

Àwọn mẹ́fà tí nọ́ńbà wọn sọnù, mo kọ orúkọ wọn sórí bébà, Àǹtí lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá ọ̀kan wọlé wá yẹ léèsì wò. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù gba nọ́ńbà rẹ̀ kó tó jẹ́ kó jókòó. Ó ku márùn-ún.